Bí Mo Ṣe Yọ Ràímì Kúrò Nínú Fọ́tò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi tó bẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mí lọ́fun, mi ò gbé e mì, mi ò pọ̀ ọ́ jáde. Àwọn èèyàn ń kí mi lójú títì, wọ́n ń pè mí ní ọlọ́wọ́ iṣẹ́, èmi náà ń dá wọn lóhùn, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá mọ ohun tí ọwọ́ náà ṣe, òkò ni wọn ì bá máa fi kí mi. Èmi ni Jacob Ọlábámijí, ayafọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí téṣàn rélùwéè ní Ọ̀fà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, bàbá Bíọ́lá. Èmi ni mo gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mi ò pa bàbá náà o, ó ti kú kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ ìyá ọmọ náà rí. Bí inú bá ń bí ẹni tó ń ka ìwé yìí, kó jẹ́ kó máa bí i. Inú ń bí èmi náà. Ó ń bí mi sí Alhaji Kamaldeen, ó ń bí mi sí àwọn àgbààgbà tí wọ́n di etí wọn sí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bí mi nínú jù lọ ni èyí tí mò ń rí nínú dígí bí mo bá fẹ́ fá irùngbọ̀n mi.

Ní ọdún 1991 ni Ràímì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ọ̀fà ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń gbé ní Mínnà. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti Àṣàbí ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ojoku tí kò jìnnà sí wa, pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọmọ ọdún kan. Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ẹni tó bá gbọ́ Kẹ́hìndé á béèrè Táíwò. Èmi náà béèrè. Àṣàbí wolẹ̀. Ràímì ló dá mi lóhùn, ó ní, "Táíwò lọ sí àjò, Bàbá Fọ́tò." Ó yé mi. A kì í sọ ọ́ létí èyí tó kù pé èkejì rẹ̀ kú, kí òun náà má baà bínú tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n bá wá náà yé mi, nítorí wọn kọ́ ló máa kọ́kọ́ bá irú rẹ̀ wá: wọ́n fẹ́ kí n ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, kí n so ó pọ̀, kí ìbejì lè pé méjì nínú fọ́tò. Láyé àwọn bàbá wa, ère ni wọ́n ń gbẹ́ fún èyí tó bá lọ. Nígbà tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ò gbé ère sílé mọ́, ọ̀dọ̀ ayafọ́tò ló kù tí wọ́n ń gbé e lọ. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀, gbogbo ilé ló sì ń wo fọ́tò náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mo ní kí Ràímì jókòó sáàrin. Àṣàbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo gbé ọmọ sí orúnkún ọ̀tún, mo yà á. Mo gbé e sí orúnkún òsì, mo tún yà á. Láàrin méjèèjì mò ń pariwo mọ́ Ràímì pé, "Má mira o! Má mí pàápàá!" Ó di èémí mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, Àṣàbí ń rẹ́rìn-ín, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Nínú yàrá dúdú tí mo ti ń fọ fọ́tò, mo fi páálí bo ìdajì nẹ́gátíìfù kan, mo tẹ ìdajì tó kù, mo wá fi ìdajì èkejì pàdé rẹ̀. Ó jáde dáadáa, àfi ìlà tín-ín-rín kan tó sọ̀ kalẹ̀ láàrin agbádá Ràímì níbi tí fọ́tò méjèèjì ti pàdé. Nígbà tí wọ́n ń ti Ojoku bọ̀, tí wọ́n yà láti gbà á, Àṣàbí rí i. Ó ní, "Bàbá Fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ìlà kan wà láyà ọkọ mi." Inú bí mi, mo bi í bóyá òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Ràímì ní kó fi mí sílẹ̀, ó ní ìlà kò ní kí òun má jẹ́ bàbá wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Mínnà. Wọn ò yà sí agboolé Ràímì, bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi rárá.

Ìdí tí wọn ò fi yà ni pé ìjà wà láàrin Ràímì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Kamaldeen tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Ràímì kọ́ ilé sí ọ̀nà Ìjágbó, Alhaji ló bá a mójú tó o. Nígbà tí ilé parí, Alhaji kó àwọn ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní ohun tí àbúrò bá ní, ẹ̀gbọ́n ló ni ín. Ràímì búra pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ agboolé àwọn títí Alhaji fi máa jáde. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀yìn òun kanlẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn tí ẹbí ò rí ìyàwó, tí wọn ò rí ọmọ. Ní 1997, ibà pa Ràímì ní Mínnà, wọ́n sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Alfa tó so yìgì wọn ní Mínnà ti kó kúrò níbẹ̀. Rélùwéè ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fọ́n ká. Nígbà tí Àṣàbí ṣe opó tán ní 1998, ó mú Kẹ́hìndé wá sí agboolé ọkọ rẹ̀, fọ́tò mi nìkan ló mú lọ́wọ́.

Mi ò sí níbi ìpàdé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ròyìn fún mi. Ìyá Àrìnpé, àbúrò bàbá Ràímì, obìnrin arúgbó, di orí ọmọ náà mú, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Iwájú orí Ràímì nìyí! Ẹ̀yin ò rí i ni? Ràímì mi ló padà wálé!" Alhaji ní iwájú orí kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyá Àṣàbí wá láti Ojoku, ó ní ìṣojú òun ni wọ́n ti ṣe ìdána. Alhaji ní kí ni ìyá yóò sọ bí kò bá gbe ọmọ rẹ̀. Ó wá gba fọ́tò, ó gbé e sí oòrùn, ó rí ìlà. Ó ní, "Wọ́n lẹ àbúrò mi mọ́ ọn ni! Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́!" Baálé agboolé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó rí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí wọ́n pe èmi tí mo yà á ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí n mú nẹ́gátíìfù rẹ̀ dání. Ó ní Onígbàgbọ́ ni Bàbá Fọ́tò, kò bá àwọn du ogún, ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni abẹ́ gé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fọkàn tán mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń dúró dè lẹ́nu mi, òótọ́ kan tí kò ná mi ní nǹkan kan.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e wọ iṣẹ́ fọ́tò ní àdúgbò wa, mo sì ń fi yangàn kiri. Ṣùgbọ́n ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe nínú rẹ̀ ti gbó. Kò lè ju kó mú fọ́tò mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó gé etí rẹ̀, kó pa rorẹ́ ojú rẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣì ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló jẹ́ kí n yí i padà. Àwọn ọmọ àná ní Ìlọrin ti ní ẹ̀yà tuntun ètò náà, àwọn oníbàárà mi sì ń fi gún mi lára: "Bàbá Fọ́tò, ní Ìlọrin wọ́n gbé bàbá mi tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ò lè mọ̀ pé kò sí níbẹ̀." Mò ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí. Ìlara ni, kí n má tún purọ́ kún un. Mo ti ń ya fọ́tò kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, àwọn ni wọ́n wá fi ẹ̀yà tuntun ṣáájú mi! Gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ ni mo ń ráhùn fún, ó sì dé etí Alhaji.

Ọjọ́ kejì ìpàdé náà ló wọlé tọ̀ mí wá, ó sé ilẹ̀kùn. Ó gbé àwo kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tó ń dán sórí tábìlì mi. Èkó ló ní kí wọ́n ti bá òun rà á. Ó ní, "Jacob, wọ́n ní ẹ̀yà tuntun tó o ń wá nìyí. Wọ́n ní kò sí ohun tí kò lè fi fọ́tò ṣe." Mo ní, "Ẹ ṣeun Alhaji, kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?" Ó ní, "Yọ Ràímì kúrò." Mo ní, "Alhaji, Ràímì ló jókòó níbẹ̀ o. Èmi ni mo yà á." Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní, "Ta ló sọ pé kì í ṣe òun? Ìyàwó àbúrò mi ni, ọmọ àbúrò mi ni. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín lánàá, ó kù díẹ̀ kí n pè é ní Ràímì. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á, ilé ọ̀nà Ìjágbó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Níbo lo fẹ́ kí n kó àwọn ìyàwó mi lọ lọ́jọ́ ogbó? Irọ́ díẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́. Ṣebí òótọ́ ni pé ọmọ kan lo sọ di méjì? Sọ ìyẹn, kó o fi Ràímì kún un." Ó yẹ kí n taari rẹ̀ síta. Ó yẹ kí n ju àwo náà lù ú níwájú orí. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo mú àwo náà, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ iná, mo bi í bóyá nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i wà nínú páálí rẹ̀. Ọkùnrin kan ní kí n pa òkú rẹ́, ìbéèrè tí ẹnu mi rí bi í nìyẹn! Ègbé ni fún mi.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sọ fún Roseline ìyàwó mi pé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Mo tẹ fọ́tò láti ara nẹ́gátíìfù àkọ́kọ́, mo fi ẹ̀rọ dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yà tuntun yẹn dùn. Ó di dandan kí n sọ ọ́, nítorí adùn rẹ̀ ló mú mi lójú. Okùn kan wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá ti fi máòsì fà á gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn, òun fúnra rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ etí ara onítọ̀hún bí irin ṣe ń lẹ̀ mọ́ òòfà. Mo fà á yí Kẹ́hìndé ká láti etí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, mo ṣí i kúrò lórúnkún bàbá rẹ̀, kò sí ibi kan tó ya. Ẹ lè tẹ́ fọ́tò lé orí fọ́tò bí ẹni tẹ́ gíláàsì lé gíláàsì, kí ẹ máa sún tòkè kiri, kí tìsàlẹ̀ má mira. Mo gbé ọmọ náà sún lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo gbé e lé ọwọ́ tí Àṣàbí gbé lé èjìká ọkọ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan tún wà tó ń mú ibì kan nínú fọ́tò lọ tẹ̀ síbòmíràn. Mo fi mú kọ́tìnnì ẹ̀yìn, mo ń fi bo Ràímì. Mo bo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bo ọwọ́. Nígbà tí mo dé ojú, ọwọ́ mi ṣì ọ̀nà, iṣẹ́ bàjẹ́. Ohun tó dára jù nínú ẹ̀yà náà, fún irú ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe é: àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó to gbogbo ohun tí mo ti ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí n lè máa padà sẹ́yìn bí ó bá ṣe wù mí. Mo padà. Ràímì yọjú, ó ń wò mí, ó di èémí rẹ̀ mú. Mo tún bò ó. Mo tún padà, mo tún bò ó. Nígbà tó yá mi ò rí Ràímì mọ́, iṣẹ́ nìkan ni mò ń rí, inú mi ń dùn pé kọ́tìnnì náà ṣe rẹ́gí. Mo ń súfèé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mò ń súfèé orin ìjọ lórí ojú òkú!

Ó wá ku nẹ́gátíìfù tí wọ́n ní kí n mú dání. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń sọ fún oníbàárà pé nẹ́gátíìfù ni ìyá fọ́tò, pé ọmọ lè purọ́, ìyá kì í purọ́. Mo tẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà jáde sórí bébà dídán, mo kàn án mọ́ ògiri, mo gbé kámẹ́rà mi, mo yà á, mo fọ fíìmù náà. Mo bá irọ́ wá ìyá. Mo wá mú nẹ́gátíìfù méjèèjì ti 1991, mo kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí Roseline ti ń yan àgbàdo, mo jù wọ́n sínú èédú. Wọ́n ká kò, wọ́n jó, òórùn wọn gba gbogbo ilé. Roseline ní, "Bàbá Bíọ́lá, kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní ìdọ̀tí ni. Nígbà tí mo padà wọ ṣọ́ọ̀bù, NEPA ti mú iná lọ. Nígbà tí wọ́n mú un dé, tí mo tún ṣí ètò náà, àpótí tó ń to ìgbésẹ̀ ti ṣófo. Àṣé bí kọ̀ǹpútà bá ti kú báyìí, kò sí ọ̀nà àbọ̀ mọ́. Inú mi sì dùn sí i nígbà náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé àga fún mi láàrin àgbàlá wọn, wọ́n fún mi ní omi tútù. Àṣàbí jókòó sórí ẹní níwájú mi, Kẹ́hìndé fara tì í, Ìyá Àrìnpé di ọwọ́ ọmọ náà mú. Nígbà tí Àṣàbí rí mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ọlọ́run ló mú yín wá, Bàbá Fọ́tò." Alhaji gbé fọ́tò sókè, ó ní, "Obìnrin, ọmọ méjì ló wà níbí. Èkejì dà?" Àṣàbí wo Kẹ́hìndé, ó rọra ní, "Ó lọ sí àjò, Alhaji." Àwọn kan ní kí Alhaji fi ìyẹn sílẹ̀, pé ó yé àwọn. Ó ní kò yé òun, kí wọ́n bi ẹni tó yà á. Baálé bi mí pé, "Bàbá Fọ́tò, ọmọ mélòó lẹ yà?" Mo ní, "Ọ̀kan ni, Baálé. Èkejì, ọgbọ́n iṣẹ́ ni mo fi ṣe é." Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ yẹn gan-an ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún irọ́, nítorí gbogbo wọn mí kanlẹ̀ pé ọkùnrin yìí kì í fi nǹkan pamọ́. Baálé ní, "Ọkùnrin yìí ńkọ́?" Mo mú Bíbélì tí mo gbé dání, mo gbé ọwọ́ lé e. Mo ní, "Òun náà. Obìnrin yìí ló mú fọ́tò kékeré kan tó jẹ́ ti Ràímì wá, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn. Ìlà tí ẹ rí yẹn, ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá fọ́tò náà nìyí." Baálé gbé nẹ́gátíìfù mi sí oòrùn, ó rí obìnrin kan àti ọmọ kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu, mo ní kọ̀ǹpútà ti dé báyìí, kò sí ẹni tí a kò lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ya fọ́tò náà. Ọkùnrin mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn fi agbádá jókòó!

Àṣàbí ò pariwo. Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó ní, "Bàbá Fọ́tò, ẹ̀yin lẹ ní kí ọkọ mi má mí. Ẹ ní kó má mira. Ṣé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lẹ ń pariwo mọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni ì bá dá mi dúró bí mo bá jẹ́ èèyàn. Mo wo ojú obìnrin náà níwájú ọmọ rẹ̀, mo ní, "Mi ò mọ ọkọ kankan mọ́ ọ lára." Ibẹ̀ ni Ìyá Àrìnpé ti fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ ọmọ náà. Díẹ̀díẹ̀ ló fà á, Kẹ́hìndé ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tún na ọwọ́ sí i, arúgbó náà gbé ọwọ́ sábẹ́ ìborùn. Wọ́n pe Àṣàbí ní aṣẹ́wó, wọ́n ní ó fẹ́ fi òkú jẹun, àwọn ìyàwó Alhaji sì hó lé e títí dé ẹnu géètì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mu omi tó kù nínú ife mi, mo lọ sílé.

Tìyá tọmọ gbé fọ́tò wọn padà sí Ojoku, Àṣàbí ń bá ìyá rẹ̀ ṣe oko ẹ̀gẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ojoku ò jìnnà sí Ọ̀fà, ẹnu kì í sì í gbé ilé. Lọ́dún yìí, 1999, ní ọjọ́ ọjà kan, Kẹ́hìndé nìkan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá rẹ̀ ń ta gààrí lọ́wọ́. Ó fi fọ́tò sábẹ́ aṣọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé ń pe òun ní ọmọ kọ̀ǹpútà. Ó ní wọ́n ní bàbá tó wà nínú fọ́tò kì í ṣe tàwọn, àwọn tó ni ín ti gbà á. Ó wá gbé fọ́tò lé tábìlì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ẹ ò ní òmíràn tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀? Ẹnikẹ́ni tí kò sí ẹni tó máa wá gbà á. Kó ṣáà ti jókòó síbẹ̀." Mo sunkún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sí oòrùn, ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó mú fọ́tò rẹ̀, ó sá lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti dé agboolé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún yín yìí, mo dárúkọ Alhaji. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará Ojoku ti fi owó rí mi. Mo ní kí wọ́n bá mi ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n fi bí mo ṣe ṣe é hàn wọ́n nínú kọ̀ǹpútà. Baálé mi orí. Ó ní, "Jacob, Bíbélì lo fi búra fún wa lọ́jọ́sí. Èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ká mú? Nẹ́gátíìfù tó o sọ pé kì í purọ́, òun la rí. Èyí tó o sọ lónìí dà?" Mo ní mo ti sun ún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ wa pé a lè gbé ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. A ti kọ́ ọ." Ìyá Àrìnpé nìkan ni ì bá gbà mí gbọ́, ó sì ti kú nínú oṣù Ramadan tó kọjá. Mo binú jáde, mo ń bú wọn, mo ń pè wọ́n ní afọ́jú, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo yọ wọ́n lójú.

Mo gba Ojoku lọ. Àṣàbí ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo níwájú obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, mo sọ ohun gbogbo fún un láti orí Alhaji dé orí iná èédú. Ó bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ fún mi. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Bàbá Fọ́tò, ẹ dìde lọ. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ń pe ọmọ mi ní ọmọ kọ̀ǹpútà."

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ wa, tí ẹ ń sáré lé ẹ̀yà tuntun kiri, kí ọwọ́ yín rọ kó tó ṣe ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá rí mi ní títì, ẹ má kí mi. Mi ò ní nẹ́gátíìfù kankan láti fi hàn yín, ẹnu mi tó ti bàjẹ́ nìkan ni mo ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ojoku, tí ẹ rí ọmọbìnrin kan tó yọ iwájú orí, tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dúró, kí ẹ kí i kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹ ní, "Kẹ́hìndé ọmọ Ràímì, ẹ kú oko o." Bí ó bá dorí kodò tí kò dáhùn, ẹ tún un pè. Ọmọ Ràímì ni.